Ẹ má yìn mí, ẹ tẹ̀ ẹ́ ká wò

Ohun tó ń da àwa táa ń dán áàpù wò láàmú jù nílẹ̀ Yorùbá, ìwà ọmọlúàbí ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì o, kì í sì í ṣe iná NEPA, àwọn yẹn náà wà ńbẹ̀ àmọ́ wọ́n ti mọ́ wa lára. Ẹ gbé fóònù lé ìyá kan lọ́wọ́ nínú ọjà, ẹ ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí bóyá ó dáa, ìyá á kọ́kọ́ wojú yín, á rí i pé ọmọ ọlọ́mọ ni yín, ọmọ tó ń wá bí ọwọ́ á ṣe dẹ́nu, á wá ní "Ó dáa gan-an ni, ọmọ mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó tà wàràwàrà." Kò tíì tẹ nǹkankan o! Àdúrà ló fi dáhùn ìbéèrè. Kí lẹ wá fẹ́ kọ sínú ìwé tẹ́ẹ máa gbé padà lọ sí ọ́fíìsì, pé ẹni àkọ́kọ́ ṣàdúrà?

Dìsáìnà ni mí. Èmi ni mo ń ya bí ojú áàpù ṣe máa rí, èmi náà ni mo tún ń lọ jókòó ti àwọn tó máa lò ó. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, áàpù àjọ ni. A ò pọ̀ nídìí ẹ̀, n'Ìbàdàn la wà, ọjà Bódìjà àti Gbági la sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìwádìí wa. Èrò táa fi bẹ̀rẹ̀ ò le rárá: alájọ ń fẹsẹ̀ rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ lójoojúmọ́, ó ń gbowó, ó ń fa ìlà sínú káàdì, ẹ jẹ́ ká gba káàdì yẹn lọ́wọ́ wọn ká gbé e sórí fóònù. Ó dùn létí. Ó dùn létí àwọn tó fẹ́ fowó sí i náà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò dá àjọ rí, káàdì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àpótí kéékèèké 31 ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Iye tóo bá ti ní o máa dá, ì báà jẹ́ 200 náírà tàbí 1,000, òun náà lo máa dá títí oṣù á fi parí, alájọ á máa fa ìlà sí àpótí kọ̀ọ̀kan níṣojú ẹ. Tóṣù bá parí á kó gbogbo ẹ̀ fún ẹ, á yọ ti ọjọ́ kan, ìyẹn lowó iṣẹ́ ẹ̀. Kò sí èlé kankan. Àwọn tó ka ìwé ọrọ̀ ajé a máa bi mí pé kí ló dé téèyàn á fi sanwó kí wọ́n lè bá òun tọ́jú owó òun, ṣebí báǹkì á fún un lélé. Ẹni tó bá ń bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹbí ẹ̀ ò tíì máa yáwó lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ohun tí obìnrin yẹn ń sanwó fún ni pé kówó kúrò lọ́wọ́ òun kílẹ̀ tó ṣú, káwọn ọmọ tó ní wọ́n ń gba owó ìwé ní sùkúù, kí bàálé tó ní ọ̀kadà òun ti bàjẹ́, kóun fúnra òun tó rí aṣọ tó wù ú. Èsúsú tó jẹ́ àbúrò àjọ, ìyẹn tí wọ́n máa ń dá jọ tí ẹnì kan á kó tí wọ́n á wá yí i ká, àwọn babańlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé òkè òkun, àwọn ará Trinidad ṣì ń dá a dòní, sùsú ni wọ́n ń pè é. Ẹ rò ó wò ná. Kò sí áàpù kankan lórí fóònù mi tó tíì gba irú ìdánwò yẹn.

Ká tó ya ohunkóhun, a kọ́kọ́ lọ rí ìyálọ́jà. Èyí ò sí nínú ìwé táwọn òyìnbó fi kọ́ wa níṣẹ́ o, àmọ́ tẹ́ẹ bá wọ ọjà tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn nípa owó wọn láìjẹ́ pé ìyálọ́jà mọ̀ yín, wọ́n á rò pé káńsù ló rán yín. Lẹ́yìn ìyẹn ìkíni wà, ẹ ò lè sáré kí èèyàn. Ẹ gbọ́dọ̀ ra nǹkan díẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹni tó jókòó ti ìsọ̀ elẹ́wà fún wákàtí kan tí ò ra ẹ̀wà, kí ló wá ṣe?

Ìbéèrè tí mo kórìíra jù ni "ṣé ẹ máa lo áàpù yìí táa bá ṣe é?" Gbogbo èèyàn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀, ó sì ń mú inú yín dùn. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé nígbà tẹ́ẹ kó àjọ gbẹ̀yìn, kí lẹ fi ṣe? Ta ló mọ̀ pé ẹ kó o? Ọjọ́ wo lẹ fo, kí ló fà á? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ìbéèrè "ta ló mọ̀" yẹn ló jẹ́ kí n gbọ́ nípa obìnrin kan tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ méjì, ọ̀kan wà tí ọkọ ẹ̀ mọ̀, ìkejì wà tí ọkọ ò mọ̀, ó sì ṣàlàyé fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé èyí tí ọkọ mọ̀ yẹn ló máa ń kó fún un tó bá ní òun ń wá owó, kó má baà wá èyí tó kù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò tíì mọ ohun tí mo máa fi ṣe nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ní ọ́fíìsì tí ìwádìí bá ti gbé èsì tí ò dáa wá, pé àwọn ìyá yẹn ò kàwé, wọn ò mọ fóònù lò. Mo kọ̀ ọ́ o. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà tí owó wá dàwátì, táwọn èèyàn ń sùn síwájú báǹkì, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé káwọn owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ náná di ìparí ọdún. Láàrin ìgbà yẹn àwọn obìnrin tó ń ta ata rodo kọ́ transfer, wọ́n lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ara àpótí wọn, wọ́n sì mọ alert gidi yàtọ̀ sí ayédèrú, wọn ò ní jẹ́ kóo gbé ọjà lọ títí fóònù tiwọn á fi dún. Ta ló kọ́ wọn? Kò sẹ́ni tó ṣe training fún wọn. Tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ bá ní òun ò fẹ́ áàpù rẹ, áàpù yẹn ló yẹ kóo padà lọ wò.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa ìdánwò gan-an wàyí. Òfin dátà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 ní ká gba àṣẹ kéèyàn tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ gbé ìwé tẹ́ẹ ní kí wọ́n sáìn síwájú ẹni tó ń ta èlùbọ́, ojú ẹ̀ á yí padà kíá, torí ìwé tó sáìn kẹ́yìn, owó ẹ̀yáwó ni, wọ́n sì dààmú ẹ̀ lórí ẹ̀. La bá ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn sókè lédè Yorùbá, ẹni tó bá gbà á sọ ọ́ lẹ́nu, ẹni tí ò bá gbà á sì ta ọjà ẹ̀ lọ. Ìyẹn ti tó.

Ọ̀nà kan wà tí gbogbo ayé fi ń dán áàpù wò, pé kí ẹni tó ń lò ó máa sọ ohun tó ń rò síta bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Clayton Lewis ló gbé e wọnú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní IBM ní 1982. Ẹ wá lọ sọ fún Alhaja láàrin Bódìjà pé kó máa dá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń dá sọ̀rọ̀ lọ́jà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é. Wọ́n á dákẹ́ ni, wọ́n á máa wojú mi bóyá ibi tó yẹ ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, tójú mi bá sì yí pẹ́nrẹ́n wọ́n á yọwọ́ kúrò.

Ohun tó gbà mí ni iṣẹ́ obìnrin ará Japan kan, Naomi Miyake. Ní 1986 ó gbé ìwádìí kan jáde níbi tó ti kó èèyàn méjì méjì jọ pé kí wọ́n jọ rò ó bí máṣíìnì ìránṣọ ṣe ń rán aṣọ, òun wá ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe. Mo gbé fóònù fún ìyá kan, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kọ́ aládùúgbò yín yìí bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo wá yí àga mi sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀n, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀!

"Kí ló ń yí yìí?"

"Ó ní kóo dúró."

"Kí n dúró ti kí ni? Mo fi kọ́sítọ́mà sílẹ̀, ó ní kí n dúró."

"Bóyá ó ń lọ bá alájọ ni."

"Alájọ tó jókòó síbí yìí?"

Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ irú ẹ̀ fún mi lójú. Àmọ́ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, wọ́n bú áàpù wa bó ṣe tọ́. Mo ti ẹ̀ fẹ́ràn kí kọ́sítọ́mà wá da ìdánwò rú, torí bí wọ́n ṣe máa lò ó gan-an lọ́jọ́ iwájú nìyẹn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n á wọn ìrẹsì kóńgò méjì, wọ́n á padà sí i, tí áàpù bá ti lé wọn jáde pé kí wọ́n tún tẹ PIN, ó parí. Ọ́fíìsì tó ní AC tí gbogbo èèyàn dákẹ́ sí ò lè fi ìyẹn hàn yín.

Ẹ lè ti gbọ́ ìyẹn tí Jakob Nielsen, ọ̀kan lára àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ ìdánwò yìí, kọ ní 2000 pé èèyàn 5 péré ti tó láti fi dán nǹkan wò, wọ́n á bá yín rí nǹkan bíi 85% nínú àléébù tó wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn gan-an torí kò náni lówó. Wọn kì í ka àpilẹ̀kọ yẹn débi tó ti ní tí irú àwọn èèyàn tó máa lò ó bá yàtọ̀ síra, kéèyàn mú lára ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta àǹkárá ní Gbági, tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, tí dátà ẹ̀ wà ní títàn látàárọ̀, báwo ló ṣe fẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń ta ẹja tútù tí ọwọ́ ẹ̀ ò gbẹ láti àárọ̀ dalẹ́? Ojú fóònù ò gbọ́ ìka tó tutù. A ya bọ́tìnnì ńlá, kò gbọ́, a fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kùn ún, kò gbọ́.

Nǹkan tó yí iṣẹ́ wa padà jù, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ojú àkọ́kọ́ tí áàpù wa máa ń gbé jáde, àpapọ̀ owó ló wà lókè, gàdàgbà, bíi ti áàpù báǹkì. Obìnrin kan ṣí i, ó rí 38,000 (owó àfiṣàpẹẹrẹ ni o), ó sì da fóònù dojú bolẹ̀ lórí itan ẹ̀. Mo ní ṣé kò burú mà? Ó ní "Ó dáa." Ó ní ó dáa, àmọ́ ó dà á dojú bolẹ̀. Ẹlòmíì fi etí ìró bò ó. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí obìnrin alájọ méjì ọjọ́sí. Fóònù táa ń sọ yìí, àwọn ọmọ ń gbá géèmù lórí ẹ̀ lálẹ́, aládùúgbò ń yá a láti fi pe èèyàn, ọkọ ń gbà á wò. Káàdì ńkọ́? Ìlà ló kún ojú káàdì. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé o dá a fún ọjọ́ 19, kò ní mọ̀ bóyá 200 ni ìlà kan tàbí 5,000. Káàdì tí wọ́n ń tà lọ́pọ̀ yanturu yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń pa àṣírí mọ́, áàpù táa fi oṣù yà ò mọ̀ ọ́n. A yọ nọ́ńbà kúrò, a gbé àpótí 31 síbẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Àwòrán ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń kówó sí nínú ni gbogbo ayé fi ń ṣàpèjúwe ìfowópamọ́, òun náà ló wà lára áàpù wa. Alhaja kan tó ń dá àjọ owó àgbò Iléyá wò ó títí, ó ní "Àfi ẹlẹ́dẹ̀ náà lẹ rí kó gbowó lọ́wọ́ mi?" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. A fi kóló rọ́pò ẹ̀, àwọn àgbà dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ní ṣé àpótí ìbò ni. Ó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí ló wá kù. Lórí káàdì, alájọ fa ìlà, o rí i, ó parí. Lórí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá sí, ìlà á kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ eérú títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé kó tó di àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó gba àwọ̀ eérú. Wọ́n ní alájọ ò tíì kọ ọ́ ni, wọn ò sì jẹ́ kó kúrò nídìí ìsọ̀ àwọn. La bá ní ká fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ṣe é. Ẹni tó ń bá wa kọ kóòdù ò tíì kọ ọ́, kò yẹ kó kọ ọ́ ká tó mọ̀ bóyá ó wúlò, ló bá jókòó sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gbogbo ìgbà tí alájọ bá ti gbowó, a pè é, òun á fọwọ́ tẹ mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí oníǹkan bí ẹni pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Wizard of Oz ni orúkọ tí wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí nídìí iṣẹ́ wa. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì dé o, àmọ́ kò sẹ́ni tó ṣí i. Inbox wọn ti kún fún mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù ń fi polówó, tiwa rì sábẹ́ ẹ̀.

Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ló wá bi wá pé, "Ṣé kò kàn lè fláàṣì mi ni?"

Ẹni tó ń kọ kóòdù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wò ó: fláàṣì ò gba dátà, kò béèrè ìwé kíkà, kò ní kéèyàn nu ọwọ́, kò náni ní kọ́bọ̀, ó sì ń dún lójú alájọ àti lójú gbogbo ará ìsọ̀. Wọ́n á sáà fi orúkọ "Àjọ" tọ́jú nọ́ńbà yẹn. A dán an wò lọ́nà kan náà, láti inú mọ́tò yẹn. Alájọ gbowó, fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, ó kú, obìnrin náà mi orí, ó yíjú sí kọ́sítọ́mà ẹ̀. Kò yìn wá o! Kò ṣàdúrà fún wa. Láti ìgbà táa ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí èsì tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn. Ẹ má rò pé àwa la kọ́kọ́ rí irú nǹkan yìí: nígbà tí wọ́n dán M-PESA, ètò owó orí fóònù, wò ní Kẹ́ńyà ní 2005, ẹ̀yáwó ni wọ́n fẹ́ káwọn èèyàn máa fi san padà, àwọn tó ń lò ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fowó ránṣẹ́ síra wọn, nígbà tó sì máa jáde fún gbogbo ayé ní 2007 ìfowóránṣẹ́ ni wọ́n fi polówó ẹ̀.

Alájọ ńkọ́? Ẹ̀rù wa ló kọ́kọ́ ń bà á. Ó ní ṣé ẹ ò fẹ́ fi fóònù lé mi nídìí iṣẹ́ báyìí. Ọkùnrin yìí mọ ẹni tí ọmọ ẹ̀ ń ṣàìsàn, ó mọ ẹni tí ọjà ẹ̀ ò tà lọ́sẹ̀ yẹn, á ní kó fi tòní sílẹ̀, kó san méjì lọ́la. Ìgbà tó wá fọkàn balẹ̀ tán ló fi ìwé ńlá tó fi ń ṣe ìṣirò lálẹ́ hàn mí, mo rí i pé òun gan-an ló nílò áàpù. Òun náà ló sọ ohun tó pa èrò táa fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé táa bá gba káàdì lọ́wọ́ àwọn obìnrin yìí ńkọ́? Ó ní, "Ọ̀gá, tí èèyàn bá kú, káàdì làwọn ọmọ ẹ̀ máa ń rí lábẹ́ ìrọ̀rí, òun ni wọ́n á mú wá bá mi. Inú fóònù tí wọ́n ti tì pa, ta ló fẹ́ bá wọn ṣí i?"

Bó ṣe di pé a fi káàdì sílẹ̀ nìyẹn. Alájọ ló ní áàpù, obìnrin ní káàdì ẹ̀ àti fláàṣì. Inú àwọn tó fowó sí i ò dùn rárá, iye èèyàn tó bá download áàpù ni wọ́n fi ń ka àṣeyọrí, alájọ kan ṣoṣo sì ń gba owó lọ́wọ́ odindi ìlà ìsọ̀ kan, ẹyọ kan ni wọ́n rí kà. A ṣì ń fà á lọ fà á bọ̀. Èmi ti sọ tèmi.

Oṣù Kejìlá la tún ń padà lọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kó àjọ ọdún lẹ́ẹ̀kan náà nígbà yẹn, wọ́n á tò sílé alájọ látàárọ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, mo sì fẹ́ rí bí áàpù ṣe máa ṣe é tí èèyàn púpọ̀ bá jọ ń gbowó tí kálukú ń na káàdì sókè. Ẹni tó ń kọ kóòdù ti ní òun ò jókòó sínú mọ́tò mọ́ lọ́tẹ̀ yìí, òun fẹ́ wọlé. Mo ní kò burú, kó sáà mú owó ọjà dání.